Láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá: Ìtọ́sọ́nà sí Ìbàdàn Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà

Arìnrìn-àjò tó bá fẹ́ rí ibi tí àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán Nàìjíríà ti ń pàdé lẹ́yìn òmìnira kò gbọdọ̀ fi Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ìtòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ, sí Òpópónà Onírèké ní Adámásingbà, níbi tí wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní 1961, nínú ilé tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Chinua Achebe ló dábàá orúkọ náà, èyí tí í ṣe orúkọ ilé alámọ̀ tí àwọn Igbo agbègbè Owerri ń mọ, tí wọ́n sì ń fi ère kún, láti fi bọ Ala, òrìṣà ilẹ̀. Ulli Beier ará Jámánì, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Ezekiel Mphahlele ará South Africa wà lára àwọn tó pilẹ̀ rẹ̀. Àgbàlá ilé náà, tí kò ní òrùlé, ni wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé. Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ náà tẹ ewì Okigbo, Heavensgate, jáde.

Ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kò pẹ́ dé. Rògbòdìyàn Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní “wẹ́tiẹ̀”, dá ìlú rú. Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó pa Okigbo lọ́dún náà, wọ́n sì ju Ṣóyínká sẹ́wọ̀n. Nígbà tó tún hàn pé àjọ tó ń fún ẹgbẹ́ náà lówó ń gbowó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ojú ti ọ̀pọ̀ tó ti fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ orísun owó náà.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó yóò sọ̀ ní Mónìyà, ẹni tó bá gba títì lè sọ̀ ní Challenge, kí ó wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀, kí ó sì mú owó wẹ́wẹ́ dání, torí ṣéǹjì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ilé Kòkó, alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965, ni àmì tí kò ní jẹ́ kí ó ṣìnà. Pápá ìṣeré Lekan Salami tó wà ní Adámásingbà ni kí ó béèrè, nítorí kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ló gbọ́ Mbari rí. Kí ó sì kọ́kọ́ wí pé “ẹ kú ọjà o”. Ọjọ́ Àìkú ló dára jù, nígbà tí agboòrùn àwọn oníṣòwò kò bo iwájú àwọn ilé àtijọ́.

Bí ìsọjí bá wà, ojú òpópónà náà kọ́ ni àlejò yóò ti rí i, nítorí òwò ti gba ibẹ̀. Ó wà ní Mọ́kọ́lá, níbi tí Demas Nwoko, ọmọ ẹgbẹ́ Mbari, kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sí lórí òkè. Ilé ìsìn tó kọ́ fún àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn náà tó ohun tí ènìyàn ń rìnrìn-àjò wò: kí àlejò gbàṣẹ kó tó wọlé, kí ó sì fara balẹ̀ wo bí Nwoko ṣe ń fi erùpẹ̀ pupa, igi gbígbẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ kọ́lé. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́ ti Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní òdìkejì géètì Yunifásítì ni Agbowó wà, àdúgbò tí àwọn ọ̀dọ́ fi sọ ìwé àtìgbàdégbà ọnà tí wọ́n ń gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lórúkọ. Ẹni tí ebi bá sì ń pa lè ti ibẹ̀ yà sí Bódìjà lọ jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú.