Wíwọn Bí Ẹ̀tù àti Ọta Ṣe Jókòó Nínú Ìbọn Ṣakabùlà

Èmi ò tó ẹni tí í kọ́ ọdẹ níṣẹ́ ọdẹ o. Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo bá wá, torí ọwọ́ tí ìbọn bá gé, kò sí oògùn tó lè mú un hù padà.

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìwọ̀n. Tí ìyá bá ń ra gàrí lọ́jà, tòǹgólò ló kọ́kọ́ máa ń wò: ṣé ó kún, ṣé ìdí rẹ̀ ò tẹ̀ wọnú? Ìwọ̀n tó bá purọ́ nínú gàrí, owó ló ń kó lọ. Tó bá purọ́ nínú ìbọn, ojú àti ọwọ́ ló ń kó lọ.

Kí ló ń mú ìbọn bú?

Ẹnu ṣakabùlà la ti ń kì í. Ẹ̀tù ló ń ṣáájú wọlé, ìhá ẹyìn tàbí àkísà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọta, a tún wá fi ìhá dí i. Ọ̀pá la fi ń tì wọ́n dé ìdí. Tí iná bá kan ẹ̀tù, ẹ̀tù á di èéfín gbígbóná tó ń wá ọ̀nà jáde. Tí ọta bá jókòó ṣinṣin lórí ẹ̀tù, èéfín á tì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ọta bá há sójú ọ̀nà, tí àlàfo wà láàárín òun àti ẹ̀tù, ó ti di èdídí nìyẹn. Èéfín á sáré wá lù ú, irin lè ya níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ òsì ọdẹ sábà máa ń wà.

Ohun kejì ni kíkì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ki ìbọn láàárọ̀, kò yìn ín. Ẹlòmíràn mú un lálẹ́, ó rò pé òfìfo ni, ó tún ki òmíràn lé e. Níbi ìsìnkú ọdẹ àti ọdún Ògún, níbi tí ìbọn ti ń tọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, èyí rọrùn láti ṣẹlẹ̀. Ojú ò lè rí ìsàlẹ̀ ìbọn, ṣùgbọ́n ọ̀pá lè wọn ọ́n.

Àmì méjì lára ọ̀pá

Èkíní: kí ọ̀pá tó wọnú ìbọn, ẹ yọ ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù kúrò. Tó bá jẹ́ ìbọn olókùúta, ẹ nu ẹ̀tù ẹnu ihò iná nù. Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò sí èèyàn.

Èkejì: ẹ fọ ìbọn tí ẹ ti yìn tán, kó gbẹ, torí èérí ẹ̀tù tó bá ṣù sídìí yóò tan ọ̀pá jẹ. Ẹ ti ọ̀pá wọlé títí kó fi kanlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá àmì sí i níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Àmì òfìfo nìyẹn. Kó lè dá yín lójú, ẹ fa ọ̀pá jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde, kí àmì náà wà ní ẹnu ìbọn. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé itòsí ihò iná. Tí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ohun ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa fi bu ẹ̀tù nígbà gbogbo. Ẹ má da á tààrà látinú ìgò ńlá, torí iná tó bá kù nínú irin lè ràn mọ́ gbogbo ìgò. Tí ẹ bá ti kì í tó jókòó dáadáa, ẹ fá àmì kejì. Àmì kíkì nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pá á máa bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹnu ìbọn bá bá àmì òfìfo dọ́gba, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Tó bá bá àmì kíkì dọ́gba, ọta ti jókòó. Tí ọ̀pá bá dúró kí àmì kíkì tó dé ẹnu ìbọn, ọta há tàbí wọ́n ti kì í lẹ́ẹ̀mejì: ẹ má yìn ín! Ẹ gbé e lọ bá àgbà alágbẹ̀dẹ tó mọ bí a ṣe ń fà á tú, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá kan fún ìbọn kan ni o. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Tí ẹ bá ń tì í, ẹ fi ìka di ọ̀pá mú, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀, ẹ má sì gbé ojú sókè ẹnu ìbọn. Tí ẹ bá fa ìbọn tí kò dún, ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tí ẹ kọ ọ́ sí fún ìṣẹ́jú 2, ó kéré tán, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Kàtúùṣì ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ kan máa ń di ọta ìbọn wọn fúnra wọn. Wọ́n ń fi irin ìwọ̀n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà sì ń jọ wọ́n lójú. Tí ọta bá wọlé jù, àyè ẹ̀tù á kéré, agbára èéfín á sì ga ju ohun tí irin lè gbà. Ìwé ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹni tó wá ń dì òfìfo kàtúùṣì padà láìní irin ìwọ̀n, láìní ìwé, ń fi ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá sọ́jà, ẹ má rà á.

Tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ gírígírí, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Tí ìka bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé ọ̀rá náà lé yìnyín; kí yìnyín má kan ìka. Ibi tó jó, ẹ da omi tútù sí i fún ìṣẹ́jú 20. Epo pupa kọ́, pátá ìfọyín kọ́. Tó bá jẹ́ ojú, ẹ má ra á, ẹ má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Kíá ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lórí ẹranko igbó, ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣọdẹ gba ìwé àṣẹ. Ẹ gbà á o. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá wa bi bàbá ní alẹ́ òní pé, "Ṣé ìbọn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ṣófo?" Tó bá ní òun rò bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fi ọ̀pá wọn ọ́n kí ọmọdé tó débẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí a tó lọ: àmì mélòó ló wà lára ọ̀pá? Méjì. Tó bá dúró kó tó dé àmì kíkì ńkọ́? A ò ní yìn ín.