Bó Bá Di Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́, Ẹ Sọ Odindi

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Òwe náà ò parọ́, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá wo The Love Eterne, fíìmù olórin tí Li Han-hsiang darí fún Shaw Brothers ní Hong Kong lọ́dún 1963, yóò rí ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kú sí lọ́nà.

Nínú fíìmù náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zhu Yingtai fẹ́ kàwé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ó múra bí oníṣègùn, ó tan baba rẹ̀ títí ó fi gbà, ó sì wọ aṣọ ọkùnrin lọ sí Hangzhou. Ọdún mẹ́ta lòun àti Liang Shanbo, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń padà sílé, Shanbo sìn ín sọ́nà. Yingtai fi pẹ́pẹ́yẹ méjì tó jọ ń lúwẹ̀ẹ́ pa á lówe, kò yé e. Ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan tí òun máa fi fún un. Ara rẹ̀ ló ń sọ, Shanbo ò fura.

Nígbà tí Shanbo máa fi mọ òótọ́, tó sì sáré dé ilé Yingtai, baba ti fi ọmọ fún ìdílé Ma. Ẹyin lohùn. Ìbànújẹ́ pa Shanbo. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Yingtai yà síbi ibojì rẹ̀. Ibojì là, ó bọ́ sínú rẹ̀.

Baba náà ò burú; ó ń wá ilé rere fún ọmọ ni. Àmọ́ kò béèrè, ọmọ ò sì wí lásìkò. Ìyàwó olùkọ́ wọn ní Hangzhou ti gbọ́ àṣírí ìfẹ́ náà kí baba tó gbọ́.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ ọmọ, bí ẹnì kan bá wà lọ́kàn rẹ, dárúkọ rẹ̀ nílé kí àlejò tó kanlẹ̀kùn. Bí ẹ̀rù baba bá ń bà ọ́, wá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ baba létí, kó bá ọ gbé e síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fún àna lésì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. “Ẹ jẹ́ ká bi ọmọ ná” kì í ṣe àrífín. Ẹni tí wọ́n bá sì rán níṣẹ́ náà, kó tètè jẹ́ ẹ: baba tí kò tíì ṣèlérí ṣeé bẹ̀; èyí tó ti ṣèlérí, ojú àna ló ń wò.