Owó Ilẹ̀ ní Bengal

Ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà ni Bengal wà, ilẹ̀ ọlọ́ràá tí odò Ganges ń bomi rin, tí ìrẹsì sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní ọdún 1765, ọba ńlá Shah Alam fi ẹ̀tọ́ àti máa gba owó ilẹ̀ náà lé East India Company lọ́wọ́, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni oníṣòwò ṣe di agbowó-òde. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní 1770, tí ebi pa àìlóǹkà ènìyàn, àwọn agbowó náà kò dẹwọ́.

Ní 1793, Gómìnà-Àgbà Cornwallis ṣe òfin tuntun. Àwọn zamindar, tí wọ́n ti ń gba owó ilẹ̀ fún ọba tẹ́lẹ̀, ni ó sọ di onílẹ̀. Bí a bá pín owó tí ó ti ọwọ́ àgbẹ̀ wá sí ọ̀nà mọ́kànlá, mẹ́wàá jẹ́ ti ìjọba, ọ̀kan ṣoṣo ni ti zamindar. Iye tí a sì dá fún ìjọba kò gbọdọ̀ yí padà títí láé. Cornwallis gbà pé ẹni tí ó mọ̀ pé owó orí ilẹ̀ òun kò ní lé sí i yóò fi èrè rẹ̀ tún oko ṣe. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó gbàgbé ẹni tí ń di ọkọ́ mú. Ààlà wà fún owó ìjọba. Kò sí ààlà fún èyí tí zamindar lè bù fún àgbẹ̀.

Owó ní láti pé kí oòrùn ọjọ́ tí a dá tó wọ̀. Òjò ìbáà kọ̀, àgbàrá ìbáà gbé ìrẹsì lọ, bí owó kò bá pé, a óò ta ilẹ̀ náà ní gbàǹjo. Ọ̀pọ̀ ìdílé àtijọ́ ni ó pàdánù ilẹ̀ wọn báyìí. Àwọn olówó Calcutta rà á, púpọ̀ nínú wọn kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ oko náà rí. Ní 1799, òfin mìíràn gba zamindar láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé irè oko ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, láì kọ́kọ́ dé kóòtù. Ní Burdwan, onílẹ̀ a fi ilẹ̀ fún alágbàtà, alágbàtà a tún fi í fún òmíràn; èrè gbogbo wọn, ẹ̀yìn àgbẹ̀ kan náà ni ó wà.

Ó di 1885 kí òfin tó dáàbò bo ẹni tí ó ti dáko ní abúlé kan fún ọdún 12, kí a má baà lé e bí ó ti wuni. Ní 1950 ni Ìlà-Oòrùn Bengal, tí ó di Bangladesh ní 1971, fi òfin pa ipò zamindar rẹ́. Ìwọ̀-Oòrùn Bengal ní Íńdíà ṣe tirẹ̀ ní 1953.