ÈDÈ-ÌPERÍ FÚN ÌMỌ́LẸ̀ ÀFIKÚN NÍNÚ FỌ́TÒ

1.0 Ìfáárà

Láti ìgbà tí ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe ti tàn kálẹ̀, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ayàfọ́tò nínú yàrá òkùnkùn tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lórí tábìlì. Photoshop jáde ní ọdún 1990. GIMP, tí a kì í san owó lé lórí, tẹ̀ lé e ní ọdún 1996. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ yìí yóò bá ìṣòro kan pàdé: púpọ̀ nínú orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọgbọ́n náà kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí a bá tú wọn lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òye òdì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè mú orúkọ jáde láti ara iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

2.0 Ìpele àti Ìpèlé

Ìmọ́lẹ̀ tí a fẹ́ fi kún fọ́tò kì í sábà wà lórí fọ́tò gan-an. Orí abala kan tí ó mọ́ gaara bí ọ̀rá ni a ti ń yà á, a ó sì tẹ́ abala náà lé fọ́tò lórí. Ọdún 1994 ni ọgbọ́n yìí wọ inú Photoshop. Ẹni tí ó bá pe abala náà ní ‘ìpele’ kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n ‘ìpele’ ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ nínú ètò ẹ̀kọ́. Òun náà ni ó sì yẹ ohun-èlò mìíràn nínú ètò kan náà, èyí tí ó ń to ìmọ́lẹ̀ fọ́tò láti orí dúdú dé orí funfun.

‘Ìpèlé’, aṣọ tí obìnrin ń wé mọ́ orí ìró, bá abala yìí mu jù. Ó wà lórí ìró, kì í ṣe ara ìró, a sì lè tú u kí nǹkan kan má ṣe ìró. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, níbi tí òǹkọ̀wé kò bá ti lè fi àmì ohùn sí i, ‘ìpèlé àwòrán’ ni kí ó kọ ní kíkún.

3.0 Ọ̀nà Ìdàpọ̀ Méjì

Kọ̀ǹpútà ka fọ́tò sí àìmọye píksẹ́lì, ó sì ń fi nọ́ńbà sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mọ́lẹ̀ tó. Nínú fọ́tò tí ó wọ́pọ̀, nọ́ńbà yìí ń bẹ láàárín 0, èyí tí í ṣe dúdú, àti 255, èyí tí í ṣe òpin ìmọ́lẹ̀. Kí ìṣirò lè rọrùn, a lè pe 255 ní 1, kí gbogbo ìyókù sì jẹ́ ìdá nínú 1.

Ọ̀nà ìdàpọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘multiply’ ń sọ nọ́ńbà ìpèlé di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fọ́tò. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0.5, èsì rẹ̀ ni 0.25. Olùkọ́ tí ó bá pè é ní ‘ìsọdipúpọ̀’ lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ẹni tí ó gbọ́ ‘púpọ̀’ yóò retí kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ńṣe ni ó dín kù sí ìdajì.

Ọ̀nà kejì, ‘screen’, gba orúkọ rẹ̀ lára aṣọ funfun tí a ń tan àwòrán sí: bí ẹ̀rọ méjì bá tan àwòrán sí ojú kan náà, ìmọ́lẹ̀ wọn yóò pa pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni pé kí a yọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 1, kí a sọ ìyókù méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí a sì tún yọ èsì náà kúrò nínú 1. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0.5, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ 0.75.

Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ mu ni ‘ìdàpọ̀ adínmọ́lẹ̀kù’ fún ti àkọ́kọ́ àti ‘ìdàpọ̀ afìmọ́lẹ̀kún’ fún ti kejì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ya ìtànṣán oòrùn sí orí ìpèlé dúdú, tí ó sì yan ìdàpọ̀ afìmọ́lẹ̀kún, dúdú náà yóò pòórá, nítorí 0 kò ní ohun tí ó lè fi kún fọ́tò. Ìtànṣán nìkan ni yóò kù. Orúkọ náà ti ṣe àlàyé kí olùkọ́ tó lanu.

4.0 Ogún Yàrá Òkùnkùn

‘Dodge’ àti ‘burn’ ti inú yàrá òkùnkùn wá. Níbẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí lára bébà fọ́tò ni yóò dúdú jù. Nítorí náà, ayàfọ́tò tí ó bá fẹ́ kí ojú ènìyàn mọ́lẹ̀ sí i yóò fi páálí kékeré ṣíji bo ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Èyí ni ‘dodge’. Bí ó bá fẹ́ kí ojú ọ̀run ṣókùnkùn, yóò dí ibi yòókù, yóò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Èyí ni ‘burn’. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí bébà, kò sí páálí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ ‘ìṣíjibò’, tí ó rí i pé fọ́tò ń mọ́lẹ̀ sí i, yóò rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́. ‘Ìmúmọ́lẹ̀’ àti ‘ìmúṣókùnkùn’ ni ó tọ́. Kí olùtumọ̀ má sì sọ pé ‘ìsọdimímọ́’ ni òun yóò lò fún ti àkọ́kọ́: àwọn onígbàgbọ́ ti gba ìyẹn.

5.0 Ohun tí Èdè ti Ní

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni a ní láti ṣẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Yorùbá ti ya irú ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ tipẹ́: iná ń tàn yòò, iná ń jó bàìbàì, òjò kọ mànà, wúrà ń dán yẹ́ríyẹ́rí. Láti inú ìwọ̀nyí ni a ti lè rí ‘ìtànyòò’ fún ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ tí ó yí nǹkan ká, ‘ìkọmànà’ fún èyí tí ó bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, àti ‘ìdányẹ́rí’ fún títàn tóótòòtó.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí a kọ àfiwé Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Wọn a máa pe ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ́n ní ‘gbígbóná’, wọn a sì pe èyí tí ó fara jọ aró ní ‘tútù’. Ìwọ̀n Kelvin sọ òdìkejì: iná àbẹ́là jẹ́ nǹkan bí 1,900, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan jẹ́ nǹkan bí 5,500. ‘Ìmọ́lẹ̀ pípọ́n’ àti ‘ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró’ kò ní tako ohun tí olùkọ́ físíìsì ń kọ́ni.

6.0 Àtúnṣe tàbí Àyípadà?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, ìwé ìròyìn méjì ní Amẹ́ríkà, Time àti Newsweek, gbé fọ́tò kan náà tí ọlọ́pàá ya O. J. Simpson sí iwájú ìwé wọn. Newsweek fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Time mú un ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú pé ńṣe ni wọ́n mú kí aláwọ̀ dúdú náà dà bí ẹni tí ó ń dẹ́rù bani. Olùtumọ̀ tí ó bá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ‘àtúnṣe’ ti gbè sí ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣe é, nítorí ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Ó yẹ kí ‘àtúnṣe ìmọ́lẹ̀’ dúró fún mímú fọ́tò padà sí bí ojú ti rí nǹkan, kí ‘àyípadà ìmọ́lẹ̀’ sì dúró fún ohun tí ojú kò rí. Ibi tí a bá ti fi ìtànṣán tàbí ìtànyòò kún fọ́tò ìròyìn, kí a kọ ‘ìmọ́lẹ̀ àfikún’ sí abẹ́ rẹ̀.

7.0 Ìkádìí

Ìlànà kan ni ó so gbogbo orúkọ wọ̀nyí pọ̀: kí èdè-ìperí sọ èsì iṣẹ́, kì í ṣe ìtàn bí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wáyé. Bí olùkọ́ bá dán wọn wò nínú kíláàsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè sọ ohun tí ohun-èlò kan yóò ṣe kí ó tó tẹ̀ ẹ́, orúkọ náà yẹ. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí a wá òmíràn.