Ọjà Tó Ti Kúrò Lọ́wọ́ Rẹ

Àbúrò mi, jókòó kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ń rí àwòrán ọṣẹ dúdú àti ìpara òrí rẹ lórí WhatsApp, mo sì rí i pé ọjà ń tà. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n kí lo máa ṣe lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá pè ọ́ pé ara ọmọ òun wú lẹ́yìn tó fi ọṣẹ rẹ wẹ̀ ẹ́?

Wọ́n ti pè mí rí. Alẹ́ ni, mo ti tilẹ̀kùn. Ìyá ọmọ náà ń sunkún, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọdún keje tí mo ti ń se ọṣẹ nìyẹn, mi ò sì yí ọwọ́ padà. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni òróró olóòórùn dídùn tí mo kán sí i: ọjà tán lọ́wọ́ ẹni tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Owó àjọ mi ni mo kó sílẹ̀ ní ọsibítù. Ọmọ náà gbádùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo se ọṣẹ lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ tà. Mi ò mọ ilé tí ìyókù wà. Mi ò mọ ẹni tí mo lè pè pé, “Jọ̀ọ́, má fi wẹ̀.”

Mo ní ìnṣọ́ránsì nígbà náà o! Ti iná àti olè ni. Òmíràn tún wà fún ẹni tó bá yọ̀ ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ṣùgbọ́n ọjà tó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, tó wá ṣe ènìyàn léṣe nílé ara rẹ̀, ó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Product liability ni wọ́n ń pè é ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, orúkọ náà ni kí o bi wọ́n. Òun ló máa ń san owó tí o bá jẹ ẹni tó fara pa, ó sì sábà máa ń san ti lọ́yà pẹ̀lú, dé iye tó wà nínú ìwé yín.

Má sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni mo ṣe òróró.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ náà. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà di ẹrù náà lé ẹni tó ta ọjà tó lálèébù. Bí o bá ra òróró ní kẹ́ẹ̀gì, tí o rọ ọ́ sínú ìgò, tí o lẹ orúkọ rẹ mọ́ ọn, orúkọ rẹ ni wọ́n máa pè. Ṣé o rántí My Pikin, oògùn tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín? Ní 2008, ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ. Inú èròjà tí wọ́n rà láti fi po oògùn náà ni májèlé ti wọlé. Síbẹ̀, ọdọ̀ àwọn tó pò ó ni ọ̀rọ̀ já sí: ní 2013, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán méjì nínú òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà lẹ́wọ̀n ọdún 7. Kò sí ìnṣọ́ránsì tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, owó nìkan ló lè san. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun tí o ń rà ju ohun tí o ń tà lọ.

Kò sì di dandan kó jẹ́ ẹni tó sanwó fún ọ ló máa pè ọ́ lẹ́jọ́. Ní Paisley, ní Scotland, lọ́dún 1928, ọ̀rẹ́ obìnrin kan ra ohun mímu atalẹ̀ fún un, obìnrin náà ní òun rí ìgbín jíjẹrà nínú ìgò. Ní 1932, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́.

Tí o bá fẹ́ lọ gba ìnṣọ́ránsì yìí, rí i pé iléeṣẹ́ tàbí búrọ́kà náà ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì. Òfin ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà kò fàyè gba àwìn: bí o kò bá tíì sanwó, kò tíì sí ìnṣọ́ránsì, ohun yòówù kí ẹni tó wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù sọ. Gba rìsíìtì. Kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn, pàápàá nípa nọ́ńbà NAFDAC, nítorí irọ́ kékeré lè mú kí wọ́n kọ̀ láti san. Bi wọ́n pé èló ni ìwọ fúnra rẹ máa kọ́kọ́ san kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Bi wọ́n nípa owó tí o máa ná láti kó ọjà padà látilé àwọn oníbàárà, torí ìyẹn kì í sábà sí nínú rẹ̀. Tí o bá ń fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, béèrè bóyá ìwé náà dé ọ̀hún. Kí ẹni tó ń bá ọ tà á níbẹ̀ náà ní tirẹ̀, torí òfin wọn ti ọdún 1987 ka ẹni tó kó ọjà wọ ìlú sí ẹni tó ṣe é.

Èyí tó ṣòro jù fún àwa Yorùbá ni pé ká má tètè dá ara wa lẹ́bi. Bí wọ́n bá pè ọ́, lọ kí aláìsàn. Mú nǹkan dání. Sọ “ẹ pẹ̀lẹ́” látọkàn wá, torí “ẹ pẹ̀lẹ́” kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù pé ìwọ lo jẹ̀bi, má sì ṣèlérí iye kankan kí o tó pe iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o pè wọ́n.

Ìsè kọ̀ọ̀kan tí o bá sè, fún un ní nọ́ńbà, kọ ọ́ sára lébẹ́ẹ̀lì. Kọ ibi tí o ti ra èròjà rẹ̀ àti ẹni tó ra ọṣẹ náà sínú ìwé, kí o sì tọ́jú ọṣẹ kan pamọ́ nínú ìsè náà. Èmi ń ṣe é báyìí, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Gba fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì náà lọ́wọ́ wọn, má tíì kọ nǹkan kan sí i. Mú un wá sílé mi ní Sátidé, a ó jọ kà á.