Atọ́ka Méjì fún Iṣẹ́ Kan

Agbègbè mẹ́fà ló wà ní kọmúùnù Kétu: Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamé, Idigny, Kpankou, Odometa àti Okpomèta. Ká ní wọ́n to orúkọ gbogbo ará kọmúùnù náà sínú àtẹ kan nínú kọ̀ǹpútà. Ìlà kan fún ẹnì kan: nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, agbègbè rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀.

Bí atọ́ka kò bá sí, kọ̀ǹpútà yóò ka gbogbo ìlà kó tó rí ẹni tí à ń wá. Atọ́ka ni àtòkọ tó wà létòlétò, tó ń sọ ìlà tí ẹni náà wà. Ní 1970 ni Edgar Codd ti iléeṣẹ́ IBM gbé èrò àtẹ báyìí jáde, a sì ń lò ó títí dòní.

Akọ̀wé kan ṣe atọ́ka fún agbègbè. Nígbà tó yá, ẹlòmíì ṣe òmíràn: agbègbè ṣáájú, orúkọ ìdílé tẹ̀lé e. Nínú ti kejì yìí, gbogbo ará Okpomèta ti wà lójú kan. Ohun tí atọ́ka àkọ́kọ́ ń ṣe, ti kejì ń ṣe é. Àkọ́kọ́ ti di àṣerégèé.

Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ètò wọn. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ìdílé ló ṣáájú, àwọn ará Okpomèta yóò fọ́n káàkiri inú atọ́ka náà, kò sì ní lè rọ́pò ti agbègbè.

Kí ni ewu atọ́ka tó pọ̀ jù? Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ tuntun kan sílẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àtẹ, kó tún kọ ọ́ sínú atọ́ka kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ń falẹ̀, ààyè ìpamọ́ sì ń kún lásán.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí pa atọ́ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí ènìyàn méjì ní nọ́ńbà kan náà, ìyẹn sì ju ìwárí lọ.

Kí a lè mọ atọ́ka tí a kò lò, PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú irú àtẹ yìí, máa ń ka iye ìgbà tí a lo atọ́ka kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè dà bí aláìwúlò. MySQL 8.0, tó jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, gbà wá láàyè láti fi atọ́ka pamọ́ ná, ká wo bí iṣẹ́ yóò ṣe rí, ká tó pa á rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé orúkọ ìlú, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn atọ́ka tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣe tuntun.