Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ó Fi Ọmọ Rẹ̀ Rọ́pò



Àwọn àgbà a máa wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A kì í gbin hóró kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èbù iṣu àti igi ẹ̀gẹ́. Báwo ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀?

Ara gbogbo ohun abẹ̀mí kún fún sẹ́ẹ̀lì, ohun kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo àbùdá tó jogún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Báyìí ni ojú ara igi ẹ̀gẹ́ ṣe ń hu ewé, tí ìdí rẹ̀ sì ń ta gbòǹgbò.

Ẹ fi wé wàláà ọmọ kéú. Ohun tí aáfà kọ ni ọmọ ń dà kọ. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé gbìn kì í ṣe àdàlù bàbá àti ìyá; ìyá náà gan-an ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: bí ìyá bá ní àrùn, ọmọ á gbé e wá. Àrùn mósáìkì a máa sọ ewé ẹ̀gẹ́ di alábàwọ́n àwọ̀ ìyeyè, ewé á lọ́, ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta dáadáa. Eṣinṣin funfun kékeré kan ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa náà ń gbé e nígbà tí a bá gbin igi aláìsàn.

Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ ní 1971. Hóró ẹ̀gẹ́, tí akọ àti abo pàdé nínú rẹ̀, ni wọ́n fi wá irú tuntun tó lè kojú àrùn yìí. Nígbà tí wọ́n rí irú bíi TMS 30572, igi rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gé gbìn, kí irú rẹ̀ má baà yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ilé, bí aládùúgbò bá fẹ́ fún yín ní igi, ẹ lọ wo ewé rẹ̀ lóko kí ẹ tó gé e. Ẹ mú igi tó gbó, tí ewé rẹ̀ mọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú márùn-ún ó kéré tán. Èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ hú u, ẹ sun ún.

Kí Ọlọ́run bù sí oko wa. Àmín.